Iná Aago Méjìlá

Aago méjìlá ọ̀sán kọjá, ìka bàbá kan wà lórí bọ́tìnnì iná, kò sì tẹ̀ ẹ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tẹ̀ ẹ́. Wáyà ńlá kan gba abẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ létí òkun wọ inú omi, ó lọ títí dé ìsàlẹ̀ tí oòrùn ò dé rí, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ti ń wọn omi, tí wọ́n ń gbọ́ ìró, tí wọ́n sì ń ya àwòrán. Lójoojúmọ́, ní aago méjìlá géérégé, bàbá á tan iná ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, torí àwọn ohun abẹ̀mí ìsàlẹ̀ náà kò fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni láyé lè wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bóyá ẹnì kan ń wò ó, kò mọ̀.

Lẹ́tà ọ̀gá àgbà dé láàárọ̀: láti ọ̀la, ẹ̀rọ ni yóò máa tan iná fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó fi orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ pè é: "Ọkọ Ẹja, ẹ ti bọ́ nìyẹn. Ẹ ó ráyè jẹun ọ̀sán bí ènìyàn." Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi tẹ bọ́tìnnì. Ó fẹ́ mọ ẹni tí yóò béèrè.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òun sì ti dákẹ́ jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, ó kúrò létí sàréè kí wọ́n tó da erùpẹ̀ tán, torí iná yìí kan náà. Ọmọ wọn obìnrin kò pariwo. "Ẹ lọ tan iná yín," ló sọ. Ọdún kẹfà rèé tí wọn ò gbóhùn ara wọn. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú ń tì í láti pè é. Nígbà tó yá, ìtìjú náà di bárakú.

Tẹlifóònù orí tábìlì dún.

"Dádì," ohùn náà ní, "iná ò tàn."

Ó jókòó. "O máa ń wò ó?"

"Lójoojúmọ́. Kì í ṣe ẹja ni mò ń wò o. Tó bá ti tàn, mo mọ̀ pé ẹ jí."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Akàn pupa kan dúró lórí yanrìn bí onílé. Ó gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe mí kanlẹ̀, ìgbà náà ló yé e pé lọ́la, iná yóò tàn, ìbáà jẹ́ òun jí, ìbáà jẹ́ òun kò jí.

"Láti ọ̀la, ẹ̀rọ ni yóò máa tàn án," ó ní.

Ọmọ náà béèrè, "Báwo ni n ó ṣe wá máa mọ̀?"

"Ó yẹ kí n dúró lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá rẹ."

"Ó yẹ."

"N ó máa pè ọ́."

"Aago mélòó?"

Ó fẹ́ dárúkọ aago kan, ó sì rí i pé kò sí èyí tó dè é mọ́.

"Aago tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn," ó ní.