Ìyá Ọlọ́ọ̀bẹ Lára Ògiri

Ẹ kóra yín jọ síbí, ẹ̀yin tèmi. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé. Ìwọ tó o nà gbalaja yẹn, ká ẹsẹ̀ ẹ kò kí ẹlòmíì ráyè jókòó. Ẹ rọra, ẹ má pariwo, nítorí obìnrin kan ń bẹ lórí àkàsọ̀ báyìí, ó di búrọ́ọ̀ṣì mú, ògiri tó wà níwájú rẹ̀ sì ti ń gbẹ.

Ọwọ́ẹfun ni wọ́n ń pè é, torí ẹfun kì í kúrò léèékánná rẹ̀, ìbáà ṣe ọjọ́ iṣẹ́, ìbáà ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó. Ayàwòrán ni. Kì í ṣe orí bébà ló ń yà á sí o, ara ògiri ni. Wọ́n á po ẹfun mọ́ iyanrìn, wọ́n á fi rẹ́ ògiri dán, ibi tó bá ṣì tutù ni wọ́n á ti ya àwòrán sí. Ògiri á máa mu ọ̀dà bí ìkókó ṣe ń mu ọmú. Tó bá fi lè gbẹ, ó tán nìyẹn: ọ̀dà ti di ògiri, ògiri ti di ọ̀dà. Ẹni tó bá fẹ́ yí ọkàn padà, àfi kó fi irin ha gbogbo rẹ̀ dànù kó tún òmíràn rẹ́.

Gbọ̀ngàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ti ń jẹun ló wà. Òjò ló ba ògiri ibẹ̀ jẹ́. Omi gba òrùlé wọlé, ògiri wú, ègé ńlá kan sì já lulẹ̀, gbìì! Nínú gbogbo èèyàn tí wọ́n yà síbẹ̀, ẹni tó já bọ́ ni Ìyá Ọlọ́ọ̀bẹ.

Ta ni kò mọ Ìyá Ọlọ́ọ̀bẹ nílùú yẹn? Wọ́n ní láyé àtijọ́, odò kún, ó ń gbé ilé lọ. Ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló wà, ìyàwó ọlọ́kọ̀ ló sì dúró nídìí rẹ̀. Èèyàn ti kún inú ọkọ̀ dẹ́múdẹ́mú, àwọn mìíràn ṣì wà létí omi tí wọ́n ń ké pé kí wọ́n dúró de àwọn. Ni obìnrin yìí bá yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn tó so ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀, fẹ́ú! Ọkọ̀ lọ. Àwọn tó kù bómi lọ. Wọ́n ní bó ṣe ń gé e, bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló tẹ ìlú dó, àwọn náà ló sọ ìtàn yìí fún ọmọ wọn, ọmọ sọ fún ọmọ, títí ó fi di orin tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó bá ń sunkún:

Ìyá Ọlọ́ọ̀bẹ ń bọ̀ o,
Gé e, gé e!
Ó gókùn tán, ó feyín síta,
Gé e, gé e!
Ta ló ń sunkún nílé yìí o?
Gé e, gé e!

Bàbá Ògiri ló ya àwòrán náà nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Òun ni ọ̀gá Ọwọ́ẹfun, òun náà sì ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Bàbá lófin kan tí kò yẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba fíríìdọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tún ọ̀kan nínú èèyàn tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ yà yà, kó bá ti bàbá mu délẹ̀délẹ̀, kí ojú má lè mọ ọwọ́ ta ni. Tó bá yege, ó di ọ̀gá. Tó bá kùnà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ha á dànù lójú gbogbo èèyàn, yóò sì padà sídìí ẹfun pípò. Ọkùnrin kan tó ṣáájú Ọwọ́ẹfun yí àwọ̀ ìró obìnrin kan padà, ìró lásán o! Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ló ń ya kìnnìún sí báyìí, kìnnìún ọ̀hún sì ń jọ ológbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà.

Ọjọ́ Ọwọ́ẹfun ló wá pé yìí. Bàbá yóò wá wò ó lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, kí ògiri tó gbẹ tán.

Láàárọ̀, iṣẹ́ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ya ẹsẹ̀, ó ya ìró, ó ya ọwọ́ ọ̀tún tó di ọ̀bẹ mú. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti wo ohunkóhun, láti kékeré ló ti mọ obìnrin yẹn látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ìgbà tó dé ẹnu ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀rín ló yẹ kó yà. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e.

Ta ló rí i tó ń rẹ́rìn-ín? Ọ̀rọ̀ yẹn ṣàdédé wá sí i lọ́kàn ni. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló ní àwọn rí i. Ẹni tí omi ń gbé sá lọ, tó di pákó mú tó ń ké gbàjarè, ṣé ẹnu obìnrin ló ráyè máa wò? Ká tiẹ̀ ní kò gé okùn náà, ta ni ì bá ṣẹ́ kù tí yóò máa kọrin bú u?

Ojú rẹ̀ lọ sí apá ibi tí òjò kò bà jẹ́. Àwọn tó ń rì ni bàbá yà síbẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sókè látinú omi, wọ́n la ìka. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé èpè ni wọ́n ń ṣẹ́. Ọwọ́ẹfun wò wọ́n títí. Ọwọ́ tí èèyàn là báyẹn, àbí kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó fẹ́ gba nǹkan mú?

"Ìwọ yìí, ṣé o ti sùn lọ sókè níbẹ̀ ni?" Ìyá Alásè ló yọrí láti ilé ìdáná, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ìdáná rẹ̀. "Obìnrin yẹn ò tíì léyín o."

"Mò ń ronú ni, mà."

"Ronú kẹ̀! Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ìrònú? Ohun tí bàbá yà, ìwọ náà yà á. Kí ló tún kù?"

"Ẹ̀yin mà, ṣé ó dá yín lójú pé ó rẹ́rìn-ín?"

Ìyá Alásè gbójú sókè wò ó, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Háà. Ọmọ yìí, jọ̀ọ́, mo fi ìyá tó bí ẹ bẹ̀ ẹ́. Fún un léyín, kó o sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Ọkọ̀ akẹ́rù ò dáa fún ẹ."

Ó wọlé padà. Ògiri kò dúró de ẹnì kankan. Etí rẹ̀ lápá òkè ti ń funfun.

Ọwọ́ẹfun mí kanlẹ̀. Ó pa ẹnu obìnrin náà dé. Ó yí ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn, sí àwọn tó ń rì. Ọwọ́ òsì tó máa ń lé ìbàdí bí ẹni tó ń ṣe fọ́ńté, ó nà án síwájú. Okùn tó ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀, ó wé e mọ́ ọrùn ọwọ́ náà, ó fa okùn ọ̀hún gba orí omi kọjá títí tó fi dé ibi tí ògiri tuntun ti pàdé ti àtijọ́. Ó dá a dúró síbẹ̀, létí ìka àwọn tó na ọwọ́. Kò fi ọ̀dà kan wọ́n rárá. Nígbà tó gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò, ó ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ.

Agogo oúnjẹ lù.

Àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ wọlé pẹ̀lú fọ́nrán òwú lórí irun. Bàbá Ògiri wà láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ ló kọ́kọ́ gbójú sókè, ọkùnrin kan tí kò sí òkú tí kò lè pa lẹ́rìn-ín.

"Yéè! Eyín Ìyá Ọlọ́ọ̀bẹ ti ká!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n rí ojú bàbá, ẹ̀rín kú.

Ọwọ́ẹfun ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

"Mi ò tíì béèrè kíkí. Kí lo ṣe?"

"Ìyá Ọlọ́ọ̀bẹ ni mo yà, sà."

"Èyí tí mo yà ń rẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló wá pa ẹnu rẹ̀ dé?"

"Èmi ni."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ wo inú àpò irinṣẹ́ Ọwọ́ẹfun, ó yọ irin tí wọ́n fi ń ha ògiri, ó fi lé e lọ́wọ́. "O mọ òfin."

Irin náà tutù. Ọwọ́ẹfun dìde. Ìyá Alásè ti fi ìkòkò sílẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí.

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Tẹ́ ẹ bá ní kí n ha á, màá ha á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó tán. Àwọn tó wà nínú omi yẹn, ọwọ́ yín lẹ fi yà wọ́n. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n."

Bàbá gbójú sókè wò ó. Ó fi ọ̀pá ti ògiri, ó gun àkàsọ̀, àwọn ọkùnrin sáré dì í mú nísàlẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ìka kan ògiri: ó ṣì tutù. Ó wo ẹnu. Ó wo ọrùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ okùn náà lọ pẹ̀lú ìka láìfọwọ́ kàn án, láti ọrùn ọwọ́ obìnrin náà, kọjá lórí omi, títí ó fi dé ìka àwọn tí òun fúnra rẹ̀ yà nígbà tó ṣì lágbára. Ibẹ̀ ni ìka rẹ̀ dúró sí. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Èpè ni mo ní kí wọ́n máa ṣẹ́," ló wí, bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. "Bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn."

Lójijì ló yíjú padà. "Ọwọ́ẹfun!"

"Sà!"

"Ṣé o ti fa garawa látinú kànga rí?"

"Mo ti fà á, sà."

"Tí garawa bá kún, ṣé bí èjìká rẹ ṣe máa ń rí nìyí?"

Ọwọ́ẹfun wò ó. Yéè, èjìká! Ó ti yí ẹnu, ó ti yí ọrùn, ó ti yí ọwọ́, àmọ́ èjìká tí ó ti há sórí látọjọ́ yìí ni ọwọ́ rẹ̀ tún yà láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀: èjìká obìnrin tó fọwọ́ lé ìbàdí, tó gbé e sókè gàgà.

"Ọwọ́ ń fa èèyàn nínú omi, èjìká ń ṣe fáàrí," ni bàbá wí. "Irọ́ lèyí. Tó o bá máa sọ̀rọ̀, sọ ọ́ dópin. Gòkè wá kíá, ògiri ń gbẹ!"

Irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dún gbàgà nílẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ bóun ṣe dókè. Bàbá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí pákó tí wọ́n tẹ́ lé àkàsọ̀ lórí, ó gbé àwo ọ̀dà sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó dì í mú fún un bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń dì í mú fún ọ̀gá. Ọwọ́ẹfun kọ́kọ́ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tí bàbá fi wò ó mú kó tẹ búrọ́ọ̀ṣì bọ inú àwo wéré.

Ògiri ti ń lọ́ra láti mu. Ìlà àkọ́kọ́ wọlé, èkejì ṣe bí ẹni má wọlé. Kò sẹ́ni tó lọ síbi oúnjẹ. Ẹlẹ́fẹ̀ tó di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú ló gbé orin, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń gbé e tí wọ́n bá ń fa ìdì aṣọ ńlá:

Ìyá Ọlọ́ọ̀bẹ, dúró o,
Fà á, fà á!
Okùn ń bẹ lọ́wọ́, má jù ú nù,
Fà á, fà á!
Ẹni ń bẹ lómi kò tíì lọ o,
Fà á, fà á!

Gbogbo gbọ̀ngàn gbà á. Búrọ́ọ̀ṣì Ọwọ́ẹfun bọ́ sójú orin. Wọ́n bá wí fà á, á fa ìlà kan. Èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó wúwo, àyà obìnrin náà tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ tó ti yà láàárọ̀ wá dà bí ẹsẹ̀ tó ń tẹ pákó ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà fa òun náà lọ. Ìlà tó kẹ́yìn dúró lójú ògiri fún ìgbà díẹ̀, ó ń dán, kò lọ kò bọ̀. Ni ògiri bá mu ún.

"Bàbá, ṣé ó yege?" Ẹlẹ́fẹ̀ ló béèrè.

"Ó kùnà. Mo ní kó rí bíi tèmi, kò rí bíi tèmi." Bàbá ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. "Látọ̀la lọ, kó má wá po ẹfun fún mi mọ́. Kó lọ wá ẹni tí yóò máa po tirẹ̀."

Ariwo sọ! Ìyá Alásè jó dé ìdí ìkòkò, ó ń bu oúnjẹ bí ẹni tó ń sin àbúrò lọ sílé ọkọ. Obìnrin àgbà kan nídìí tábìlì ṣẹnu ṣọ́nṣó: "Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Èmi ò gbà. Ẹ̀rín ló ń rín." Wọ́n bu ẹran kún tirẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́, ó ń gbójú sókè ní ìgbà dé ìgbà.

Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, oníkálùkù ń fẹnu kọrin lọ sílé. Ọwọ́ẹfun dá nìkan jókòó níbi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun, ó ń wo bí ọ̀dà ṣe ń mọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀. Wọ́n kún ibẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, gbogbo wọn kọjú síwájú, wọ́n káwọ́ lérí orókún. Obìnrin náà nìkan ló ń fa okùn. Kò sẹ́ni tó bá a dì í mú.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lọ gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ó wá rántí pé ara ògiri tó ti gbẹ tipẹ́ ni wọ́n wà. Lọ́jọ́ kan, òjò yóò tún wọlé. Ẹnì kan tí òun kò mọ̀ yóò gun àkàsọ̀ níbí, yóò wo àwọn èèyàn wọ̀nyẹn títí, yóò sì yí orí ọ̀kan padà. Bóyá yóò tiẹ̀ sọ pé èjìká tí òun yà kò dáa tó. Ó rò ó wò, inú kò bí i. Ẹ̀rín ló ń pa á.

Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń lọ sílé pẹ̀lú ikùn tó kún bámúbámú.