Ọjọ́ Tí A Bọ́ Aṣọ Òrìṣà Oko

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sí ẹni tó bi Josiah léèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún òyìnbó, bí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́ ní Ẹgbẹ́dá, pé òun mọ abà kan tí ọ̀pá Òrìṣà Oko wà, ọ̀pá irin tó ti wà kí wọ́n tó tẹ Ìbàdàn dó, àti pé ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni. Òyìnbó gbé ṣíbí sílẹ̀. Láti ìgbà náà kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ àfi ti ọ̀pá náà.

Ayàwòrán ni òyìnbó yìí. Nígbà tí ogun Ìjàyè rọlẹ̀, tí ọ̀nà sì là díẹ̀, ló gba Èkó wá sí ilẹ̀ Ìbàdàn, ilé ìsìn ló sì ń wá kiri. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Òyìnbó Abẹ́-aṣọ, nítorí pé bó bá fẹ́ yàwòrán, á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo àpótí rẹ̀. Orí dígí ni àwòrán náà ń jókòó sí, dígí tó ti kọ́kọ́ fi oògùn olóòórùn pa lára nínú àgọ́ kékeré kan. Josiah ni ògbufọ̀ rẹ̀. Gàfárù, ọkùnrin ará Ṣáṣá kan tí kì í fi ìrun ṣeré, ló ń ru àpótí.

Ní Ẹgbẹ́dá yẹn, lèmọ́mù ní kí wọ́n dúró dìgbà tí àwọn bá kírun tán, kí wọ́n sì ya ìta mọ́ṣáláṣí nìkan. Òyìnbó gbà, ó ya ìta, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn tó. Ó sọ fún Josiah pé ìta ni gbogbo èèyàn ń fi han òun, àti pé ẹni tó bá lè fi ohun tí òyìnbó kankan ò tíì rí han òun, òun á mú onítọ̀hún dé Èkó, òun á kọ́ ọ níṣẹ́ àwòrán. Ọ̀rọ̀ yìí wọ Josiah lára. Ó ti ń rí ara rẹ̀ nínú kóòtù dúdú, tí àwọn ọmọ ilé míṣọ̀n tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ń dúró ní ìlà kó ya àwọn.

Abà Ọ̀gán ni wọ́n ti bí i, lẹ́yìn Lálúpọn, orúkọ tó sì ń jẹ́ níbẹ̀ ni Ìyàndá. Ìyá rẹ̀ kú kó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀yìn Àpèkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ti dàgbà, títí bàbá rẹ̀ fi mú un lọ fún àwọn míṣọ̀n n'Ìbàdàn, pé kí ọmọ náà lè mọ ìwé. Àpèkẹ́ yìí ni ìyálórìṣà abà náà. Ó ní àmì níwájú orí, apá kan osùn, apá kan ẹfun, bíi ti gbogbo olórìṣà oko.

Ọ̀pá náà ga tó èèyàn. Ó wọ aṣọ ìlẹ̀kẹ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ìyálórìṣà nìkan ló ń bọ́ aṣọ náà, nínú òkùnkùn ilé òrìṣà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun. Á wẹ̀ ẹ́, á fi osùn pa á, á tún wọ̀ ọ́ láṣọ. Oòrùn ò gbọdọ̀ rí ara rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe olórìṣà tó bá tú u sílẹ̀, ìlú Ìràwọ̀, orírun Òrìṣà Oko, ni wọ́n ń mú un lọ láti lọ jẹ́jọ́, ẹni tí wọ́n bá sì mú lọ kì í sábà padà wálé. Josiah mọ gbogbo èyí kó tó mọ a-b-d.

Nígbà tí wọ́n dé, Àpèkẹ́ di ọmọ rẹ̀ mú ní àgbọ̀n, ó wò ó títí, ó ní àwọn míṣọ̀n ò fún un lóúnjẹ. Josiah jíṣẹ́ òyìnbó. Ìyá náà rò ó díẹ̀, ó ní àlejò lè ya ilé, ó lè ya ilẹ̀kùn, ó sì lè wọlé wo ọ̀pá nínú aṣọ rẹ̀ bí gbogbo àlejò ti ń wò ó. Kó má ya ọ̀pá. Josiah túmọ̀ rẹ̀ láì fi ohunkóhun pamọ́, ó sì ń yin ara rẹ̀ fún òtítọ́ inú.

Òyìnbó wọlé, ó rí i. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, àpótí ò sì lè rí nǹkan kan láìsí oòrùn. Bó ti jáde ló fa Josiah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi í pé ṣé Kìrìsìtẹ́nì ń bẹ̀rù irin ni? Ó ní tí wọ́n bá bọ́ aṣọ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e sí gbangba, kò ní ju kí èèyàn ka ọgbọ̀n lọ, wọ́n á sì dá a padà. Ó tún dárúkọ Èkó. Josiah ní òun ò bẹ̀rù.

Bẹ́ẹ̀, ìyá náà ti gbé agbọ̀n sórí, ó ti lọ sí oko. Iṣu èṣí díẹ̀ ló kù nínú ọgbà iṣu rẹ̀, ó sì fẹ́ gúnyán fún ọmọ rẹ̀.

Josiah ní kí Gàfárù wá bá òun gbé ọ̀pá.

“Mi ò ní í bá ọ fọwọ́ kàn án,” ni Gàfárù wí. “Kì í ṣe ẹ̀sìn mi. Ṣùgbọ́n ohun tí lèmọ́mù ní kí ẹ má yà l'Ẹgbẹ́dá, ẹ ò yà á. Ìyá yìí náà ti sọ tiẹ̀.”

Josiah dá a lóhùn pé ti mọ́ṣáláṣí yàtọ̀. Kò sọ ibi tó fi yàtọ̀, nítorí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé òrìṣà, ẹnu rẹ̀ sọ “Àgò o” kó tó mọ ohun tó ń sọ. Ẹ ò rí olè tó ń tọrọ àyè kó tó wọlé! Ó tú okùn aṣọ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ó ń wí fún ara rẹ̀ pé irin lásán ni, irin lásán ni, ó sì gbé e mọ́ àyà bí wọ́n ti ń gbé aláìsàn, ó fi tì sára ògiri níta, nínú oòrùn ọ̀sán. Irin náà rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú tì í láti wò ó.

Òyìnbó ki orí bọ abẹ́ aṣọ, ó ki dígí sínú àpótí, ó ṣí ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò tíì ka ogún tí Gàfárù fi wúkọ́. Àpèkẹ́ ló ń bọ̀ láti ọ̀nà oko, agbọ̀n iṣu lórí.

Kò pariwo. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó rìn gba iwájú àpótí òyìnbó kọjá, ó fi gèlè náà bo ọ̀pá. Ìgbà náà ló wá wo ọwọ́ Josiah. Osùn òrìṣà ti pa á láti àtẹ́lẹwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

“Lọ fọ ọwọ́ rẹ,” ló wí.

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin méjì tó ń bọ̀ láti odò ti rí ọ̀pá níta, wọ́n sì ti rí ìyálórìṣà tó ń fi gèlè bò ó. Kí ó tó gbé e wọlé tán, Baálẹ̀ àti àwọn àgbà ti dé. Wọ́n bi í pé ta ló bọ́ aṣọ òrìṣà. Àpèkẹ́ ní òun ni. Ó ní kòkòrò ti ń jẹ aṣọ náà, òun fẹ́ sá a, ọjọ́ ogbó ló mú kí òun gbàgbé ara òun. Wọ́n ní kó búra. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan àyà, ó fi Òrìṣà Oko búra pé bí ọwọ́ ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, kí òun má jẹ iṣu tuntun ọdún yìí. Gbogbo wọn mọ̀ pé ẹni tó bá fi í búra èké, tó sì jẹ iṣu náà, ikú ló jẹ.

Baálẹ̀ yíjú sí Josiah, ó bi í bóyá ó ṣojú rẹ̀.

“Rárá, bàbá,” ni Josiah wí. “Inú àgọ́ òyìnbó ni mo wà.” Ẹ̀yìn ló kó ọwọ́ sí.

Irọ́ náà rọrùn ju bó ti rò lọ, òun gan-an ló sì ń dẹ́rù bà á lẹ́yìn náà. Wọ́n ní Àpèkẹ́ ò gbọdọ̀ wọ ilé òrìṣà mọ́ láyé, wọ́n fi Títíladé tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Òyìnbó bi Josiah léèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Josiah ní wọ́n ń kí i pé ó kú ìrìn.

Wọ́n kọrí sí Mọ́níyà lọ́jọ́ kejì. Josiah ò fọwọ́ kan iyán tí Àpèkẹ́ gún fún un kí wọ́n tó lọ. Gàfárù ò bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, àfi kí ó kìlọ̀ fún un pé òkúta wà níwájú. Ní Mọ́níyà, òyìnbó fi dígí náà hàn án. Ọ̀pá dúró níbẹ̀ kedere ní ìhòòhò, ohun funfun kan bí èéfín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òyìnbó ní obìnrin tó gba iwájú àpótí kọjá yẹn ló ba etí àwòrán náà jẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì dára. Josiah bẹ̀ ẹ́ pé kó fọ́ ọ. Ó fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín ni òyìnbó rín, ó tì í mọ́ inú àpótí rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

Josiah dágbére fún un níbẹ̀. Ó ní òun ò lọ Èkó mọ́.

Ó lo ọjọ́ mélòó kan n'Ìbàdàn, ó ń gbàdúrà, àdúrà náà ò sì kọjá àjà ilé. Nígbẹ̀yìn ó gbọ̀nà Abà Ọ̀gán. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló bá Àpèkẹ́, ó ń bó ẹ̀gúsí. Wọ́n ti fọ àmì kúrò níwájú orí rẹ̀, ibẹ̀ sì mọ́ lọ́nà tí kò yẹ. Josiah dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó sunkún. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ láti jẹ́wọ́, ibi tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n mú òun lọ.

“Dìde, kí o jókòó,” ni ìyá náà wí. “Mo ti fi Òrìṣà Oko búra, Ìyàndá. Tí o bá lọ jẹ́wọ́, o sọ mí di eléké lójú òrìṣà tí mo ti ń sìn láti ìgbà ọmọge. Ipò ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló kù. Ṣé ìyẹn náà lo fẹ́ tú aṣọ rẹ̀?”

“Kí ni kí n wá ṣe, ìyá mi?”

“Máa gbé ẹrù rẹ. Èmi náà ń gbé tèmi.”

Báyìí ni Josiah ṣe dúró. Ó ro oko ìyá náà, ó pọn omi, ó tún òrùlé rẹ̀ kàn. Àwọn ará abà ń rí i, wọ́n sì ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ wọn ń ta á bí agbọ́n, kò sì lè sọ pé kí wọ́n dákẹ́.

Ọjọ́ ọdún iṣu tuntun pé. Títíladé ló ṣíwájú àwọn obìnrin wọ ilé òrìṣà. Àpèkẹ́ jókòó síta lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn náà. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ń pín iṣu sísè fún gbogbo èèyàn, Baálẹ̀ sì fúnra rẹ̀ mú tirẹ̀ wá fún un, nítorí àgbà ni. Ó gbà á, ó dúpẹ́. Ó dì í mú títí Baálẹ̀ fi wò ó lójú. Ó yíjú, ó fi í sọ́wọ́ Josiah.

“Bá mi jẹ ẹ́,” ló wí jẹ́jẹ́. “Eyín ń dùn mí.”

Josiah fi í sẹ́nu lójú gbogbo wọn. Orí Baálẹ̀ wú. Ó ní, “Ìyàndá, o kú ìtọ́jú ìyá rẹ. Gbogbo ayé sá fún un, ìwọ nìkan ni o kò sá. Òrìṣà á fún àwa náà ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀.”

Josiah ní, “Àṣẹ.” Iṣu náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè gbé e mì.