Ọjọ́ Kẹrin Ni Ti Òkun

Sọ̀fíyàt ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ ti àpò èlùbọ́ kejì sẹ́yìn ilẹ̀kùn ni ẹ̀kẹta tún wọlé. Àmúdà, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló rù ú. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ gbìì, eruku èlùbọ́ sì bo bàtà tí obìnrin náà nù láàárọ̀.

"Ìyàwó wa, ti oníbàárà mi ní Kétu ni. Bó ò bá bá a nílé, dúró dè é. Kò lè ju ọjọ́ méjì lọ."

Ọjọ́ méjì! Ẹ gbọ́ ná. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni gbogbo ìrìn àjò náà, ọdún mẹ́ta sì ni Sọ̀fíyàt fi ṣètò rẹ̀. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ìjió ló ti ń kọ ọ́ sínú ìwé kan. Ọjọ́ kìíní, Kétu: wo ìloro Àkàbà, ẹnubodè ìlú àtijọ́, sùn nílé tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ àtijọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ kejì, Pọ́bẹ̀: wo igbó ńlá kí oòrùn tó mú. Ọjọ́ kẹta, Àjàṣẹ́: wo àwọn ilé àtijọ́, wo bí wọ́n ṣe ń múra. Ọjọ́ kẹrin, Kútọnu: wo òkun. Gààrí àti kúlíkúlí ti wà nínú báàgì, pẹ̀lú aṣọ méjì àti ìró gbígbó kan tí yóò fi jókòó sórí yanrìn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti wá ọgbọ́n dá sí i.

Kò sọ ìdí tó fi ń kánjú fún ẹnikẹ́ni. Ní Ìsẹ́yìn, dókítà ojú ti là á mọ́lẹ̀ fún un: ti òsì ti lọ, ti ọ̀tún ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ọdún márùndínlógójì ló fi ń kọ "òkun" sójú pátákó fáwọn ọmọ ọlọ́mọ, òun alára ò sì rí òkun rí.

Àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe: ó dágbére. Ní Ìjió, ẹni tó bá dágbére ti di ọkọ̀ akẹ́rù. Misturat, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní kó bá òun wá léèsì aláwọ̀ omi ọsàn lọ́jà Kútọnu, kó sì yí gbogbo ọjà po kó tó ná an. Ẹnìkan ní kó bá òun wádìí ìdílé àfẹ́sọ́nà ọmọ òun ní Àjàṣẹ́. Ẹlòmíràn gbé ìkòkò àgbo wá, ó ní kó má jẹ́ kó dànù o. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń wá lọ.

Àmúdà ti mú ìwé náà lórí tábìlì. Ó mú báírò pupa tí Sọ̀fíyàt fi ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé nígbà kan. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa ìlà gba orí ọjọ́ kẹrin já.

"Eléyìí ló máa fún wa láyè. Òkun kẹ̀? Omi náà ni. Ṣé omi ò sí nínú odò Òfìkì ni?"

Sọ̀fíyàt já ìwé náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ti dákẹ́ fún ọkọ, ó dákẹ́ fún ẹbí ọkọ, ó dákẹ́ títí ọkọ fi kú.

"Àmúdà!"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó, "Akọ̀wé" ló ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ìkókó. Misturat, tó wá rán an létí léèsì, fọwọ́ bo ẹnu lẹ́nu ọ̀nà.

"Èmi lo pè bẹ́ẹ̀?"

"Ìwọ ni mo pè! Gbé èlùbọ́ ẹ kúrò nílẹ̀ yìí. Ìwọ náà, Misturat, lọ ra léèsì ẹ fúnra ẹ. Ṣé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yín ni mí ni? A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè!"

"Màá pe Wàhábì ní Ìbàdàn," Àmúdà ní, "kó wá wo ohun tí ìyá ẹ̀ dà." Ó jáde, Misturat tẹ̀ lé e. Àwọn àpò náà ò kúrò níbi tí wọ́n wà.

Sọ̀fíyàt jókòó sórí ọ̀kan, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ń bínú sí wọn, ó ń bínú sí dókítà, ó ń bínú sí ojú tó fẹ́ já a sílẹ̀. Bó bá tiẹ̀ rí òkun lọ́sẹ̀ yìí, tí kò wá rí nǹkankan mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, èrè wo ló wà níbẹ̀? Ó ti ń kó aṣọ jáde nínú báàgì nígbà tó gbọ́ ìró ọ̀pá lórí àtẹ̀gùn.

Ìyá Abíọ́nà ni, ìyá arúgbó afọ́jú tó ń gbé ilé kejì. Ìgò ike òfìfo kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà, Ìyá?" Sọ̀fíyàt ò tilẹ̀ kí i. "Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín rù?"

"Omi òkun ni o, Tíṣà. Bù ú wá fún mi."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ tọ́ ọ wò. Bàbá Abíọ́nà dé Kútọnu nígbà èwe rẹ̀. Ó ní iyọ̀ ni gbogbo ẹ̀, látòkè délẹ̀. Ogójì ọdún ni mo fi pè é ní òpùrọ́. Ó kú, ìjà náà ò parí." Ó rẹ́rìn-ín. "Bó o bá débẹ̀, pe fóònù Abíọ́nà, kí n gbọ́ ariwo ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ní ó máa ń bú ramúramù."

Ìbínú Sọ̀fíyàt kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí yóò dà á sí.

"Ìyá," ó ní, "ojú mi ń lọ."

"Mo mọ̀. Látìgbà ìkórè iṣu lo ti ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó o tó tẹ̀ ẹ́. Mo ń gbọ́ ọ."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Ìwọ náà ò sọ fún mi."

Fèrè mọ́tò tí yóò gbé e lọ Kétu ké lójú títì. Sọ̀fíyàt kó aṣọ padà sínú báàgì, ó ki ìgò náà sáàárín wọn. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún. Wo ìloro. Wo igbó. Wo ilé. Wo òkun. Ọdún mẹ́ta gbáko, kò rántí pé èèyàn lè ṣe nǹkan mìíràn níbì kankan.

Ó mú báírò pupa. Lábẹ́ ìlà tí Àmúdà fà, ó kọ ọ́ gàdàgbà, kí òun lè rí i kà: Òkun. Bọ́ bàtà. Gbọ́ ọ. Tọ́ ọ wò.

Fèrè tún ké.

"Mo ní mò ń bọ̀!" ló jágbe mọ́ awakọ̀. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó fi àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì di Ìyá Abíọ́nà lápá mú. Àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀.