Àwọn Ilé Tó Ń Gun Òkè Nínú Ìfun Oyèwùmí

Ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ìgbẹ́ gbuuru ni ó gbé Oyèwùmí ọmọ mi dé ọsibítù, ohunkóhun tó bá jẹ kì í dúró nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni mo sùn lọ sí. Lójú àlá, inú ìfun rẹ̀ ni mo bá ara mi.

Òkè ni ibẹ̀. Àwọn ilé kéékèèké ń gùn ún lọ ní ìfarakínra. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn dókítà ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní kòtò ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bí wọn. Ilé tuntun kò létò nínú, ṣe ni àwọn òpó rẹ̀ ṣù jọ sí àárín. Bó bá ṣe ń gòkè ni àwọn òpó ń ṣí kúrò níbẹ̀, tí wọ́n ń dúró lóòró láti òrùlé dé ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni igi tíntìntín máa ń hù sórí òrùlé, wọ́n á kún bí koríko. Igi yẹn ló ń mú oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n òrùlé gbogbo wọn pá. Ògì tí mo fún ọmọ mi láàárọ̀ ń ṣàn kọjá, kò sẹ́ni tó mú un.

Ilé kékeré kan kí mi. "Ìyá Oyèwùmí, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má bínú sí wa. Àìsàn ti já àwọn àgbà wa bọ́, wọ́n wá ń tì wá gòkè kí òpó wa tó dúró."

"Ẹ rọra máa gùn ún," ni mo wí.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò jẹ́."

Ọ́fíìsì kan léfòó lórí ògì náà. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ fún ọ̀gá ibẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá wọn dúró kí wọ́n gbó."

"Ìyá, gbogbo ẹni tó bá dé orí òkè ló ń já bọ́," ó wí. "Nínú ara tó le pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àwọn tibẹ̀ kàn ń gbó kí wọ́n tó já ni."

"Ṣé ọmọ mi á yè?"

Ó lanu láti dá mi lóhùn, ó di ewúrẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ táì ọrùn rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Mo di ìwo rẹ̀ mú, mo ní kó dáhùn ìbéèrè mi ná. Ó ké mẹ̀ẹ́.

Mo gun òkè lọ, mo tẹ́ ìró mi láti fi gba àwọn ilé tó ń já bọ́. Wọ́n ń já sínú rẹ̀. Ilé kékeré tó kí mi náà dé, òrùlé rẹ̀ ṣì pá.

"Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀, Ìyá," ó wí. "Ó ti tán."

Mo kọ̀. Mo dì í mú títí ó fi yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì ló fọwọ́ kàn mí. "Ẹ dìde, Ìyá Oyèwùmí. Ó tún ti yà á sára."

Bí mo ṣe fún un lógì gan-an ló ṣe jáde, funfun báyìí. Mo kó aṣọ tó yà á sí lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé síbẹ̀ ti re irun tán. Ọwọ́ ni mo fi fọ̀ ọ́.