Ẹni Tó Ń Kó Ìwé Ìdìbò Lọ sí Ìlú

Ǹjẹ́ ènìyàn lè dúró níwájú adájọ́, lẹ́yìn tí ó ti búra, kí ó sọ pé òun yóò rú òfin? Ìbéèrè yìí ni ẹjọ́ tí a pe ìjọba ìpínlẹ̀ rọ̀ mọ́, ẹnu Verlene Bearchild nìkan ni ìdáhùn sì ti lè jáde.

Kò sí ẹni tó ń mú lẹ́tà wá sẹ́nu ọ̀nà wa ní Willow Creek, abúlé àwa ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ wà ní ìlú, ogójì máìlì sí wa, nítorí náà ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ló ń kó lẹ́tà gbogbo àdúgbò lọ, tó sì ń kó èyí tó dé fún wọn bọ̀. Bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe é nìyẹn. Ní ìpínlẹ̀ wa, ènìyàn lè dìbò nílé kí ó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́; inú lẹ́tà wọ̀nyẹn ni ìwé ìdìbò wa ń bá lọ, Verlene ló sì ń kó o. Ìpínlẹ̀ wá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìwé ìdìbò ẹni tí wọn kò jọ gbélé. Àwọn aṣòfin ní èrú ni àwọn ń dènà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Òfin náà dọ́gba fún gbogbo ènìyàn nínú ìwé. Lójú ọ̀nà, ẹni tí kò ní ọkọ̀ nìkan ló ń dí lọ́wọ́.

Ní ilé ìdáná Bàbá Clifford, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, agbẹjọ́rò wa, Thea Marquart, ṣàlàyé ewu náà. Bí Verlene bá ní òun kò ní gbé ìwé mọ́, adájọ́ lè ní òfin kò pa á lára, kí ó da ẹjọ́ nù. Bí ó bá ní òun yóò gbé e, wọ́n lè fẹ̀sùn kàn án, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò jẹ́ kí ọ̀daràn máa wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ. Iṣẹ́ tí Verlene ń ṣe nìyẹn.

"Ẹ̀yin lọ́yà yìí," Verlene ní, "ẹ kì í mú ìròyìn ayọ̀ wá rárá."

"Má gbé tèmi mọ́," Bàbá Clifford wí. "Màá fẹsẹ̀ rìn ín."

"Bàbá, láti ìdí àga yín dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ń sinmi."

"Ta ló ní kó o máa kà á? Iṣẹ́ yẹn lò ń jẹ, Verlene."

"Mo mọ ohun tí mò ń jẹ. Ẹ mu kọfí yín."

Verlene kò sọ ohun tí òun yóò wí ní kóòtù. Thea pàápàá kò mọ̀ ọ́n títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a wọ kóòtù.

Agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, béèrè lọ́wọ́ Verlene bóyá ó mọ̀ pé òfin ti wà. Ó ní òun mọ̀. Ṣé kò wá lè sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn?

"Ta ni, sà? Ṣé ẹ̀yin máa wá gbà á?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adájọ́ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ìyáàfin Bearchild, mi ò fipá mú yín dáhùn èyí. Ní ìdìbò oṣù kọkànlá tó ń bọ̀, bí wọ́n bá fi ìwé ìdìbò wọn lé yín lọ́wọ́, kí lẹ máa ṣe?"

Verlene wo ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ jókòó sí, ó sì kọjú sí adájọ́ padà.

"Màá gbà á lọ́wọ́ wọn, Adájọ́, màá sì gbé e lọ."