Awò Tí Mo Tà fún Garrick

Ọjọ́ Ẹtì ni Garrick wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn wa. Ọjọ́ kejì ni ìjọba máa ṣí àsìkò tí wọ́n ń fi ṣakabùlà dẹ àgbọ̀nrín ní Ohio, ní Amẹ́ríkà níbí. Yìnyín ṣì wà léjìká rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Láti ilé ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìgbà wo ló ga tó báyìí? Ìgbà wo ni ẹyinjú rẹ̀ di búlúù bí adágún odò ní ìdájí? Ọkàn mi ń ta pọ́ún pọ́ún bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lómi.

"Tressa," ó ní, "awò ìbọn ni mo wá rà. Ṣakabùlà bàbá mi àgbà ni mo fẹ́ dè é sí, kí n lè máa rí àgbọ̀nrín lọ́ọ̀ọ́kán."

"Ṣé ojú ẹ ni ò ríran ni, àbí o kàn fẹ́ ṣe fáàrí?"

"Méjèèjì."

Mo kó awò mẹ́sàn-án sórí káńtà. Ká sọ òótọ́, mẹ́ta ti tó. Ṣùgbọ́n tí mo bá kó mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló máa lò lọ́dọ̀ mi. A ń gbé wọn lọ sẹ́nu fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń fi wọ́n wo àkùkọ irin atọ́ka afẹ́fẹ́ tó wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì. Ìgbà tó yá, ó yí ọ̀kan sí mi.

"Mo rí ẹ."

"Kí lo rí?"

"Ṣúgà lórí imú ẹ."

Dónọ́ọ̀tì tí mo jẹ láàárọ̀! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Bàbá mi, tó ń to páálí ọta lẹ́yìn wa, wúkọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé àgbọ̀nrín lẹ fẹ́ máa wò ni, àbí ara yín?"

A bú sẹ́rìn-ín, Garrick sì nawọ́ sí awò tó wù ú. Inú ẹ̀rín yẹn ni mo ti ki awò kan sínú ọ̀rá, tí mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ní pápá ìyìnbọn tó wà níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lòun ń lọ, kóun lọ dè é, kóun sì yìn ín wò. Mo wo ọkọ̀ rẹ̀ títí tó fi yà ní kọ́nà. Mo ti ń ro irú aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ìgbà tí mo wá ń kó ìyókù padà ni ara mi tutù wá. Awò tí Garrick yàn ṣì jókòó sórí káńtà. Ti ìbọn kékeré tí wọ́n fi ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo gbé fún un!

Ẹ wò ó, èèyàn gbọ́dọ̀ sún mọ́ awò ọ̀kẹ́rẹ́ gan-an kó tó lè fi ríran. Kò séwu, torí ìbọn ọ̀kẹ́rẹ́ kì í tàpá sẹ́ni tó yìn ín. Ṣakabùlà ńkọ́? Ìbaaka gan-an ni. Tí Garrick bá yìn ín pẹ́nrẹ́n, etí awò yẹn á gé e lókè ojú. Bàbá mi ní àpá tirẹ̀ níbẹ̀, ó rí bí àbọ̀ òṣùpá. Ogún ọdún rèé tí àwọn ará ìlú ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀!"

"Kí ló dé? Ṣé iná ń jó ni?"

"Ojú Garrick ni!"

"Kí ló ṣe ojú ẹ̀? Ṣebí láti àárọ̀ lo ti ń wò ó!"

Mi ò mọ bí mo ṣe wa ọkọ̀ débẹ̀. Garrick ti jókòó sídìí tábìlì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wà lára ìbọn, àwo bébà tó fẹ́ yìnbọn sí wà lọ́ọ̀ọ́kán. "Má yìn ín!" Ó ti fi nǹkan dí etí, kò gbọ́. Ó yìn ín.

Ta!

Ìró kékeré, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Kò sí èéfín. Ìbọn ò tàpá rárá.

Kò sí ọmọ ìlú wa tí kò mọ̀ ọ́n: tí ṣakabùlà bá kọ̀, o ò gbọdọ̀ gbé e sílẹ̀, torí ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó bú. Wàá kọjú rẹ̀ síwájú fún odidi ìṣẹ́jú kan. Mo sáré dé ẹ̀yìn rẹ̀, mo yọ ohun tó fi dí etí.

"Gbé ojú ẹ kúrò lẹ́nu awò yẹn!"

Ó gbé orí sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò lè kúrò lára ìbọn. Odidi ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ibi tó lè sá lọ! Ta ni Ọlọ́run tún máa fún nírú àǹfààní yẹn?

"Awò ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo tà fún ẹ," mo ń mí hẹlẹ. "Ojú ẹ ló kó bá mi. Mo kó mẹ́sàn-án jáde kí o má bàa tètè lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Garrick, ó ti pẹ́... má yí ìbọn yẹn o!"

"Mi ò yí i. Ó ku mélòó kó pé ìṣẹ́jú kan?"

"Mi ò kà á."

"Èmi náà ò kà á. Jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀."

A jọ kà á láti ení títí dé ọgọ́ta. Ìgbà tó parí ni mo wo orí tábìlì. Ìgò ẹ̀tù kéékèèké mẹ́ta tó ti wọ̀n sílẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n kún dẹ́nu. Ọta nìkan ló kì bọ ìbọn!

"Garrick! Ọdẹ wo ló ń gbàgbé ẹ̀tù? Kí lò ń rò?"

Ojú rẹ̀ pọ́n ju fìlà ọdẹ aláwọ̀ ọsàn tó dé lọ. "Bí mo ṣe máa sọ fún ẹ pé ká jọ lọ jẹun. Mò ń ki ìbọn, mò ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí. Ibi 'Tressa, jọ̀ọ́' ni mo dé tí ẹ̀tù fi fò mí ru."

"Ó dáa, sọ ọ́ báyìí."

"Tressa, jọ̀ọ́..." Ibẹ̀ náà ló tún dé. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fi ìka kan òkè ojú rẹ̀. Ó ń dán, kò sí àpá kankan níbẹ̀.

Ọta ṣì há sínú ìbọn, èèyàn méjì ló sì gbà kó tó ṣeé fà jáde. Mo di ìdí ìbọn mú, Garrick ń fi ọ̀pá fà á. Kò tètè jáde. Ta ló sọ fún un pé kó tètè jáde?