Oje Ewéko Rogodo

Ràódátù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ewéko tó wà lójú fèrèsé rẹ̀ ní àdúgbò Kalley, nílẹ̀ àjèjì létí aṣálẹ̀. Ó rí rogodo bí ọsàn, kò léwé, kò lẹ́gùn-ún. Lùkúmàn ọkọ rẹ̀, tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ìrẹsì lọ fún àwọn tó ń wa yùráníọ̀mù nílẹ̀ ní ìlú Arlit, ló gbà á bọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó kan. Bí yanrìn ìdí rẹ̀ ò bá gbẹ táútáú, Ràódátù kì í bomi rin ín. Bí eruku ọyẹ́ bá bò ó, á fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Ọjọ́ tó ṣèèṣì họ ọ́ lára, tó sì fọwọ́ kan ojú, ló mọ̀ pé oje rẹ̀ ń jó bí iná. Omi púpọ̀ ló gbà á là.

Nígbà tí àwọn kan fẹ́ fi ìbọn gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ológun, tí wọn ò rí i gbà, ìlú dàrú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, sójà méjì ta ilẹ̀kùn Ràódátù nípàá, wọ́n wọlé. Wọ́n ní ìbọn ni Lùkúmàn ń kó sábẹ́ àpò ìrẹsì.

“Ìrẹsì nìkan ni mo kó,” ni Lùkúmàn wí.

Èyí tó ga nínú wọn fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu. Eyín já, ẹ̀jẹ̀ tú yàà. Ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀, èkejì sì ń tú ilé. Nígbà tó kan ewéko náà, ó fura pé nǹkan wà nínú rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ là á. Oje ta sí i lójú méjèèjì. Ó ké, ó ṣubú, ó ń yí nílẹ̀.

Ràódátù gbé ìkòkò omi kan ṣoṣo tó kù nílé.

“Omi yìí ló lè gba ojú ẹ̀ là,” ó fi Hausa sọ. “Fi ọkọ mi sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó dà á nù.”

Èyí tó ga na ìbọn sí i láyà.

“Yìn ín. Bí mo bá ṣubú, ìkòkò á fọ́.”

Ọwọ́ Ràódátù ò yẹ̀ lára ìkòkò. Sójà tó wà nílẹ̀ ń bẹ ẹnì kejì rẹ̀, ó ń pe ìyá rẹ̀. Bàtà kúrò lọ́rùn Lùkúmàn.

“Ẹ máa sá lọ! Ẹ má wẹ̀yìn!” ni Ràódátù ké sí ọkọ rẹ̀.

Ìgbà tí kò gbúròó ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́ ló tó kúnlẹ̀. Bó ti kórìíra sójà náà tó, ó rọra ń da omi sí i lójú, títí ó fi lè ṣẹ́jú.

Bó ti parí ni èyí tó ga fi ìdí ìbọn fọ́ ọ léjìká. Ó tún gbá a. Ó tún gbé ìbọn sókè, èyí tí ojú rẹ̀ pọ́n fà á lápá.

“Ó tó!”

Wọ́n jáde.

Lùkúmàn ti gba orí afárá dé Harobanda lódìkejì odò, ó wọkọ̀ kúrò nílùú. Nígbà tí egungun Ràódátù jinná, ó tọ̀ ọ́ lọ sí Ṣakí, ìlú wọn. Apá rẹ̀ ò ṣeé gbé sókè mọ́, nítorí náà Lùkúmàn ló ń wé gèlè fún un. Gèlè náà máa ń wọ́, Ràódátù kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un wé.